Ìjàpá Inú Mọ́tò Ayé Ijọ́un: Ìtàn Ọ̀pá Bíréèkì Ọwọ́ Kan Láàárín Àwa Yorùbá Port Harcourt

Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń bi wá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀kan nínú wa lóṣù tó kọjá, nígbà tí mọ́tò funfun tó gbé ìyàwó wá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì ló ya wèrè. Kì í ṣe ayé, kì í sì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Bíréèkì ọwọ́ ni. A ó sọ bó ṣe jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fún wa láyè díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ju ti ọjọ́ kan lọ. Ọ̀pá irin tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ ló gbé wa padà sínú ìtàn bí mọ́tò ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, bí àwa náà ṣe dé ìlú yìí, àti iṣẹ́ ọwọ́ kan tó fẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́ náà. Ẹ mọ̀ pé ìlú pẹrẹsẹ ni Port Harcourt. Kò sí òkè níbí bíi ti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n nítorí omi òjò, ọ̀pọ̀ ọgbà ni wọ́n kọ́ ga ju títì lọ, tí wọ́n á sì da sìmẹ́ǹtì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu géètì kí mọ́tò lè gùn ún wọlé. Orí irú ibẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà gbé mọ́tò ìyàwó dúró sí. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó bọ́ sílẹ̀ láti lọ ṣílẹ̀kùn, kò fi mọ́tò sí jíà. Ìyàwó sọ̀kalẹ̀, onílù gbé e, owó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Láàárín ìlù yẹn ni mọ́tò rọra ń yí sẹ́yìn, àwọn èrò sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, tí kò tíì ju ọmọ ọdún 17 lọ, ló rí i. Ó gbé búlọ́ọ̀kù kan, ó sáré tì í sí ìdí táyà. Mọ́tò dúró. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù yẹn yẹ̀ díẹ̀ kó tó jókòó, ó sì tẹ ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ méjì ló kán. Ká ní kì í ṣe ti ọmọ yẹn ni, òkú là bá máa gbé níbi ìgbéyàwó.

Ta ni ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀? Bàbá kan nínú wa ni, ọmọ Òṣogbo, ó ti lé ní 70 ọdún. Kò fẹ́ ká dárúkọ òun, nítorí náà Bàbá Mẹkáníìkì la ó máa pè é. Láyé ọjọ́un, ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ máa ń wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní báyìí, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló kù. Lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn, ìyá ọmọ náà ti sọ fún wa ní ọsibítù pé, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ọmọ mi ò kọ́ṣẹ́ mọ́."

Ẹ jẹ́ ká wá mọ mọ́tò ọ̀hún. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó gbé Amẹ́ríkà pẹ́ ló fi kọ̀ǹténà kó o wálé, ó sì máa ń yá a fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó. Bí ẹ bá rí i, ẹ ó rò pé ayé Lugard ni wọ́n ti ń gùn ún: imú gígùn, iná ràbàtà méjì níwájú, ìrísí bàbá olówó. Àwòkọ ni o. Ilé iṣẹ́ kan ní Florida, Classic Motor Carriages, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, Gazelle ni wọ́n pè é. Fáíbà ni ara rẹ̀, wọ́n mọ ọ́n kó lè jọ Mercedes-Benz SSK ti 1929. Ojúlówó SSK kò tó 40 tí wọ́n ṣe láàárín 1928 sí 1932, nítorí náà ẹ lè mọ iye tí wọ́n á máa dá lé e lónìí. Ẹni tó fẹ́ràn ìrísí rẹ̀ tí kò sì ní irú owó bẹ́ẹ̀, á ra ara fáíbà yìí, á wá Volkswagen àtijọ́ kan, á bọ́ ara rẹ̀ kúrò, á sì gbé fáíbà lé e lórí. Àwọn Gazelle mìíràn wà tó jẹ́ irin iṣẹ́ Ford ló wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ti wa yìí, Volkswagen ni. Bí ẹ bá ṣí imú gígùn yẹn, ẹ ò ní rí ẹ́ńjìnnì kankan níbẹ̀. Ẹ̀yìn ló wà, bó ṣe máa ń wà nínú mọ́tò tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá.

Ohun kan wà nínú èyí tó ya àwa náà lẹ́nu. Ferdinand Porsche ló ya SSK kó tó kúrò ní ilé iṣẹ́ Mercedes ní ìparí 1928. Ferdinand Porsche yìí kan náà ló tún ya Ìjàpá ní àwọn ọdún 1930. Ọwọ́ kan ló ṣe mọ́tò olówó, òun náà ló ṣe mọ́tò mẹ̀kúnnù. Àwọn ará Florida sì wá gbé aṣọ ti olówó wọ ti mẹ̀kúnnù.

Kí wá ni bíréèkì ọwọ́? Bíréèkì ẹsẹ̀ la fi ń dá mọ́tò tó ń sáré dúró, omi bíréèkì ló sì ń gbé agbára ẹsẹ̀ dé ìdí táyà. Bíréèkì ọwọ́ yàtọ̀. Wáyà ni òun ń lò, ẹ̀yìn ló sì ń dì mú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí mọ́tò tó ti dúró má rìn. Bí omi bíréèkì bá tán pátápátá, wáyà ṣì lè di ẹ̀yìn mọ́tò mú. Òun ni ẹlẹ́ẹ̀kejì tí a máa ń sá tọ̀ nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá já wa kulẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí irin tó di ohun tí a gbọ́kàn lé, igi la gbọ́kàn lé. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí á rántí bọ́lẹ̀kájà dáadáa. Orí àti ẹsẹ̀ mọ́tò ni wọ́n ń kó wá láti Gẹ̀ẹ́sì, Bedford àti Austin ló pọ̀ jù, àwọn káfíńtà wa á wá fi pákó kan ara rẹ̀, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sí iwájú orí rẹ̀. Wọ́n á kó iṣu, wọ́n á kó ewúrẹ́, wọ́n á kó ènìyàn. Ẹrù máa ń pọ̀ débi pé bíréèkì ọwọ́ ò lè dá a mú. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mọ́tò fi máa ń so mọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú igi onígun mẹ́ta lọ́wọ́. Bí mọ́tò bá ti ń rẹ̀ lórí òkè Mápó ní Ìbàdàn, tàbí lójú ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì níbi tí òkè ti fẹ̀yìn ti òkè, dẹ́rẹ́bà á kígbe, ọmọ mọ́tò á fò sílẹ̀, á ti igi bọ ìdí táyà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn ló fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ ṣòfò. A kì í kọ orúkọ wọn sára mọ́tò. Ọ̀rọ̀ ìyànjú là ń kọ síbẹ̀.

Ọ̀nà wo ni igi yẹn gbà dé Port Harcourt? Ìlú yìí kò pẹ́ láyé bí àwọn ìlú wa. Nígbà tí wọ́n rí èédú ní Udi ní 1909, ìjọba àmúnisìn ń wá etí omi tí wọ́n á ti máa kó o jáde. Ibí ni wọ́n rí, wọ́n sì fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ìlú àmúnisìn ní Lọ́ńdọ̀nù, pè é ní 1913. Ojú irin láti ibí dé Enugu ní 1916. Nígbà tó yá, ojú irin yìí kan ti Kàdúná, ó sì di pé ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo tàbí ní Ọ̀ffà lè gba òkè lọ kó tó wá já wá sí Port Harcourt. Ọ̀nà náà jìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa gbà á. Akọ̀wé réluwé wà nínú wọn, kápẹ́ńtà wà, oníṣòwò aṣọ wà.

Àwọn tó fẹ́ yá kíá gba ọ̀nà mọ́tò: Ọ̀rẹ̀, Benin, Asaba. Nígbà tí wọ́n bá dé Asaba, odò Ọya wà níwájú, kò sì sí afárá. Mọ́tò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, kó gun pántóòn, kó sọdá sí Onitsha, kó tún gun òkè jáde lódìkejì. Ẹ ronú rẹ̀: bọ́lẹ̀kájà tó kún fún ẹrù dojú kọ odò, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń wò ó. Ibẹ̀ ni bíréèkì ọwọ́ àti igi ọmọ mọ́tò ti ń jẹ́rìí ara wọn. Bàbá Mẹkáníìkì sọ fún wa pé ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ní Ìbàdàn máa ń wí pé, "Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá mo tún mọ́tò ṣe dáadáa, gbé e lọ sí Asaba." Wọ́n parí afárá Niger ní 1965, igi sì sinmi díẹ̀. Kò pẹ́ tí ogun dé ní 1967. Rivers State ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ìpínlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa sá padà sílé, àwọn mìíràn ò rí ọ̀nà lọ. Nígbà tí ogun parí ní 1970, àwọn tó padà wá bẹ̀rẹ̀ ní òdo.

Ibi tí Ìjàpá ti wọ inú ìtàn nìyí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni Wolfsburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, nígbà tó sì di oṣù kejì 1972, ó ti kọjá iye Ford Model T tí wọ́n ṣe, ìyẹn mílíọ̀nù 15 àti díẹ̀. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ni Nàìjíríà fi ọ̀nà òsì sílẹ̀, tí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ̀yin tó ń wakọ̀ nígbà náà, ẹ á rántí ìdààmú ọjọ́ yẹn. Sítíárì kúrò ní ọ̀tún, ó bọ́ sí òsì. Ṣùgbọ́n ọ̀pá bíréèkì ọwọ́ Ìjàpá kò kúrò níbì kankan, torí àárín ìjókòó méjèèjì ló wà. Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì fà á tẹ́lẹ̀ wá ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà á. Ó ti múra sílẹ̀ fún ọwọ́ méjèèjì kí ìjọba tó pa àṣẹ.

Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ṣílẹ̀kùn ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, ní Èkó. Ìjàpá wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n tò níbẹ̀, Brazil ni ọ̀pọ̀ páàtì rẹ̀ sì ti ń wá. Àsìkò náà bọ́ sí i gan-an: owó epo ń ṣàn, owó Udoji ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tíṣà àti nọ́ọ̀sì lè yá owó ra mọ́tò. Ní Port Harcourt níbí, ẹni tó bá ní Ìjàpá tuntun, ó ti kúrò lẹ́gbẹ́ ọmọdé. Ó ń gbé ìyàwó lọ sọ́jà, ó ń gbé òkú lọ sí ilé, ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé. Kò ní omi tó ń sè, torí afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Bó bá dákẹ́, ènìyàn méjì lè tì í. Gbogbo mẹkáníìkì Yorùbá tó wà ní Diobu ló mọ̀ ọ́n tú, tó mọ̀ ọ́n tò. Àwọn àgbà ní Àjàpá ní kò sí ohun tó dà bí ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe. Òótọ́ ni.

Lẹ́yìn náà, náírà ṣubú. SAP dé ní 1986, mọ́tò tuntun sì ré kọjá ọwọ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi máa wọlé, agbára ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ́ ti tán. Mọ́tò tí àwọn òyìnbó ti lò ló wá kún ìlú. Ẹ jẹ́ ká fi èyí yangàn díẹ̀: gbogbo Nàìjíríà, láti Sókótó dé Calabar, orúkọ tí wọ́n ń pe mọ́tò bẹ́ẹ̀ ni tòkunbọ̀. Orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ lókè òkun ni. Ẹ sì jẹ́ ká fún àwọn onílé wa náà ní ẹ̀tọ́ wọn. Aṣọ tí òyìnbó ti wọ̀, gbogbo Nàìjíríà ń pè é ní òkìríkà, ìlú Okrika tó wà létí omi níbí ni orúkọ yẹn ti wá. Àwa fún orílẹ̀-èdè lórúkọ mọ́tò àlòkù, Rivers fún un lórúkọ aṣọ àlòkù. Nítorí náà, bí Yorùbá bá wọ òkìríkà, tó jókòó sínú tòkunbọ̀, ó ti di ọmọ Port Harcourt nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ló gbé wa padà sí mọ́tò ìgbéyàwó. Bàbá Mẹkáníìkì yọ ọ̀pá bíréèkì rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ lè mọ ohun tó bàjẹ́. Orí ọ̀pá ní bọ́tìnnì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú ọ̀pá kọjá láti bọ́tìnnì lọ sí irin kékeré kan tó dà bí èékánná. Èékánná yìí ló ń há sí irin eléyín tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fa ọ̀pá sókè, èékánná á máa fo láti eyín kan bọ́ sí òmíràn, ìyẹn ni ìró kà-kà-kà tí ẹ máa ń gbọ́. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, èékánná á gbéra, ọ̀pá á lè wálẹ̀. Wáyà méjì ló so mọ́ ìdí ọ̀pá, ọ̀kan lọ sí táyà ẹ̀yìn ọ̀tún, èkejì lọ sí ti òsì. Bàbá fi irin eléyín yẹn hàn wá. Ó ti jẹ tán. Ó dán bí ìgì ẹnu arúgbó. Ọ̀pá á há fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tí ẹnikẹ́ni bá wá gbá ilẹ̀kùn mọ́tò, á já. Ọjọ́ yẹn, gbogbo ènìyàn ló ń gbá ilẹ̀kùn.

Àwọn tó ń ṣe páàtì Ìjàpá ṣì wà lókè òkun, a lè fi owó ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó mìíràn ti wà nílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, onímọ́tò sì ti gbowó. A mú ọ̀pá yẹn lọ sí Ikoku, ọjà páàtì tí ẹ̀yin náà mọ̀. Láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá Golf wà, ti Toyota pọ̀ bí ilẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Igbo kan tó ti pẹ́ lórí òwò náà yí i wò lọ́wọ́, ó ní, "Oga, this one don pass Belgium. Na grandpapa get am." Ó ní òun lè bá wa wá wẹ́dà tó máa jó ọ̀pá mọ́tò mìíràn mọ́ ọn. Bàbá dúpẹ́, ó kọ̀. Ó ní ohun tó ń di mọ́tò mú, a kì í jó o bí ẹni ń jó irin géètì, torí ọjọ́ tó bá já, kò ní kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni yẹn mi orí, ó ní òótọ́ ni, ó sì fún wa lómi mu.

Ọ̀kan nínú wa ló wá rántí Màmá kan ní D-Line. Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìpàdé wa sílẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ìjàpá tó rà ní tuntun láti Ọ̀jọ́ ṣì wà lẹ́yìn ilé. Koríko ti gba inú rẹ̀, adìyẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ti fẹ́ tà á fún àwọn tó ń ra irin kíló, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá sì lé wọn padà. Bí a ṣe dé, a dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé ohun tó gbé wa wá. Màmá dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀pá yẹn ni Bàbá yín máa ń di mú bí ó bá ń bá mi jà nínú mọ́tò. Á fà á, á ní òun ò lọ síbì kankan mọ́ àfi tí mo bá rẹ́rìn-ín." Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún ní, "Ṣé ọmọ tó kán lẹ́sẹ̀ yẹn ti ń jẹun?" A ní ó ń jẹun, Mà. Ó ní, "Ẹ yọ ọ́. Ẹ má san owó. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́."

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo Ikoku kò ní ohun tó wà lábẹ́ adìyẹ Màmá.

A lọ bá ìyá ọmọ náà. A ò fi ipá bá a sọ̀rọ̀. A sọ ohun tí Màmá wí fún un. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n dì, ó ní òun á tẹ̀ lé wa, òun á jókòó síbẹ̀, bí òun bá sì rí ohun tí kò tẹ́ òun lọ́rùn, òun á mú ọmọ òun lọ ilé.

Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ rèé, ẹni tó bá ní Ìjàpá tàbí àwòkọ rẹ̀ á rí i lò. Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá ṣe ni pé ó ti igi bọ iwájú àti ẹ̀yìn táyà iwájú. Ẹ rí i? Igi ayé bọ́lẹ̀kájà ló tún kọ́kọ́ dé. Ó ní ìyá ọmọ náà ló yẹ kó yẹ igi yẹn wò bóyá ó jókòó, obìnrin náà sì fi ẹsẹ̀ tì í, kò mì. Ọmọ náà jókòó lórí àpótí, ó sọ ọ̀pá kalẹ̀, ó ká rọ́bà ìdí rẹ̀ sókè. Nọ́ọ̀tì méjì ló wà lórí wáyà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún fífà á le, èkejì fún títì í kó má baà yẹ̀. Ó tú wọn. Ó yọ òrùka kékeré tó di píìnì mú, ó ti píìnì jáde, ó gbé ọ̀pá Màmá kúrò nínú Ìjàpá. Bàbá kígbe pé, "Má tẹ bọ́tìnnì o!" Torí bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn tí ọ̀pá ti jáde, irin eléyín inú rẹ̀ á jábọ́. Wọ́n fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Eyín rẹ̀ mú ṣáṣá. Ogójì ọdún ó lé, kò jẹ.

Wọ́n fi gíríìsì pa á, wọ́n gbé e wọ inú mọ́tò ìgbéyàwó. Ó bọ́ síbẹ̀ bí ẹni wọlé ara rẹ̀. Irin Ọ̀jọ́ wọ inú mọ́tò Florida, kò béèrè ìwé ìrìnnà. Wọ́n ti píìnì padà, wọ́n dá òrùka sí i, wọ́n fi wáyà kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n fa wáyà le lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní àṣìṣe tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ṣe nìyẹn: bíréèkì inú táyà la kọ́kọ́ ń tún ṣe, kí a tó dé ọ̀dọ̀ wáyà. Wọ́n fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, wọ́n yí irin onírààwọ̀ tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan títí bíréèkì fi súnmọ́ ọn dáadáa. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá fa nọ́ọ̀tì wáyà le díẹ̀díẹ̀. Kà, kà: ní eyín kejì, táyà méjèèjì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bákan náà. Bí ọ̀kan bá fúyẹ́ ju èkejì, mọ́tò ò ní dúró dáadáa. Kà, kà: ní eyín kẹrin, ọwọ́ ènìyàn ò gbọ́dọ̀ lè yí i mọ́. Bàbá ní kí ìyá ọmọ náà wá gbìyànjú. Ó di táyà mú, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ yí i. Kò yí. Wọ́n ti nọ́ọ̀tì kejì, ó parí.

Níkẹyìn, wọ́n gbé mọ́tò lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ géètì kan. Ọmọ náà fà á ní eyín mẹ́rin, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbá ilẹ̀kùn ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Àwa sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó dúró lẹ́yìn. Mọ́tò kò mì.

Ìdí tí a fi kọ gbogbo èyí nìyí, ẹ̀yin ará. Nínú ìpàdé wa, a mọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ́ alága láti ìbẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì tó ń mú ọkọ̀ wa kọjá Asaba, ọmọ mọ́tò tó fi ọwọ́ rẹ̀ ti igi bọ táyà, káfíńtà tó kan bọ́lẹ̀kájà, a ò mọ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ wa ń rí ara fáíbà tó ń dán, wọ́n ń yàwòrán pẹ̀lú rẹ̀, wọn ò mọ̀ pé Ìjàpá ló wà nísàlẹ̀. Bàbá Mẹkáníìkì ti lé ní 70. Ohun tó wà lórí rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan tí a ní lọ́wọ́.

Ìpàdé ti fẹnu kò pé a ó san owó ìwòsàn ọmọ náà tó kù, a ó sì ra àpótí sípánà tuntun fún un bó bá parí iṣẹ́ kíkọ́. Ìyá rẹ̀ kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sì sọ pé rárá. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, bí a ṣe ń lọ sọ́jà, a rí ọmọ náà lọ́dọ̀ Bàbá, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, èkejì nínú sálúbàtà, ìyá rẹ̀ sì jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ṣa ewébẹ̀, ó ń wò ó.

Ẹni tó bá ní fọ́tò Ìjàpá bàbá rẹ̀, tàbí ẹni tó rántí orúkọ mẹkáníìkì Yorùbá kankan tó ṣiṣẹ́ ní Diobu láyé ijọ́un, ẹ bá wa kó o wá sí ìpàdé Sunday tó ń bọ̀. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbé mọ́tò dúró, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ tún fi sí jíà. Ire o.